Ẹran ara mi ń fò fúnra rẹ̀: ṣé ALS ni àbí kí ni?

Olùbéèrè, Àpáta

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, a sì máa ń ṣiṣẹ́ mọ́jú nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún báyìí tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi lápá òsì ti ń fò fúnra rẹ̀. Kò dùn mí, kò sì dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tí mo tan iná fóònù sí i, mo máa ń rí i tó ń ta lábẹ́ awọ bí ọmọ ẹja nínú ike omi. Lẹ́yìn náà ó dé ìpéǹpéjú, ó dé ìdí àtàǹpàkò. Ní òru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago méjì, mo lọ wá a lórí Google, ALS ni mo sì bá pàdé níbẹ̀, àrùn tó máa ń sọ ẹran ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀ títí èémí yóò fi nira, tí wọ́n ní kò tíì ní ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Mo gba téèpù lọ́wọ́ ìyàwó mi tó ń ránṣọ, àràárọ̀ ni mo sì fi ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì: ti òsì fi ìdajì íǹṣì kéré sí ti ọ̀tún.

Ìyá ìyàwó mi ní ó lè jẹ́ àsasí, kí n lọ rí àwọn àgbà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní EMG lójú ẹsẹ̀, kí n má ro ti owó. Èwo ni kí n ṣe? Kí ẹnikẹ́ni má sì wulẹ̀ sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù, mo ti gbọ́ ìyẹn tó.

* * *

Olùkọ́ Àgbà, Bódìjà

Àbúrò, n kò ní sọ pé kí o má bẹ̀rù, nítorí èmi náà bẹ̀rù. Ọdún 2014 ni tèmi bẹ̀rẹ̀, ní àkókò tí mo ń máàkì ìwé ìdánwò mọ́jú. Ẹran apá ló kọ́kọ́ ń fò, ó bọ́ sí itan, ó bọ́ sí ètè, kí oṣù kan sì tó pé mo ti pín ogún mi tán nínú ọkàn. Títí di òní ó ṣì máa ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, apá tó ń fò náà ni mo sì fi gún iyán ní Sátidé tó kọjá.

Ohun tí o kò rí kà lóru ọjọ́ náà ni bí nǹkan wọ̀nyí ṣe máa ń tẹ̀ lé ara wọn. Nínú ALS, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ àti inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń gbé àṣẹ lọ fún ẹran ara ló ń kú. Ẹran tí kò rí ẹni pàṣẹ fún un mọ́ á rọ, á joro, á sì máa fò bó ti ń joro lọ. Nítorí náà, kí dókítà tó bi ọ́ níbi tó ń fò, yóò bi ọ́ léèrè ohun tí o máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí o kò lè ṣe mọ́: ṣé o ṣì ń de bọ́tìnì, ṣé o ṣì ń gun àtẹ̀gùn, ṣé ọ̀rọ̀ kò máa wọ́ lẹ́nu rẹ, ṣé omi kì í pá ọ lórí? Ìwọ fúnra rẹ sọ pé kò dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, gbólóhùn kékeré yẹn sì wúwo lójú mi ju gbogbo ìyókù ohun tí o kọ lọ.

Fífò tó ń rìn kiri, tó wà lẹ́sẹ̀ lónìí, tó wà lójú lọ́la, láìsí pé ibì kankan rọ, wọ́pọ̀ gan-an. Benign fasciculation ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ọdún 1993, àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ròyìn ènìyàn 121 tí irú rẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n ti tọ ipa wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó padà ní ALS. Àrùn náà fúnra rẹ̀ kò wọ́pọ̀: ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọ́n ti ń kà á dáadáa, nǹkan bí ènìyàn méjì nínú 100,000 ló máa ń mú lọ́dún, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti kọjá 50 ọdún.

* * *

Ìyá Aláṣọ, Gbági

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ti fẹ́ràn láti máa wá ikú kiri jù. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ìpéǹpéjú òkè bá ń fò, a ó ní àlejò ń bọ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ń fò, a ó ní ẹkún ń bọ̀, ìyá wa á sì já ìgbálẹ̀ bíńtín, á fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ parí. Àlejò náà kì í sábà dé, ẹkún náà kì í sábà dé. Ṣùgbọ́n n kò ní bá ìyá ìyàwó rẹ jiyàn, ọmọ mi, ayé le. Ṣe ti ilé, kí o sì ṣe ti ọsibítù.

* * *

Olùkọ́ Àgbà, Bódìjà

Màmá, ẹ ṣeun, ìtàn ìgbálẹ̀ yẹn rán mi létí ìyá mi. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni ti ṣíṣe méjèèjì pọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó bá ní òun yóò ṣe méjèèjì, ti ilé ló máa ń kọ́kọ́ gba àkókò rẹ̀ àti owó rẹ̀, ìgbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti mu àgbo oríṣi mẹ́fà tí kò lè dárúkọ ohun tó wà nínú ìkankan wọn. Kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, kí ó wá gba àdúrà bó ti wù ú.

* * *

Ọmọ Mọ́níyà

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àárọ̀, mo sì ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi ní ALS, ó sì ti kú. N kò fẹ́ dẹ́rù ba olùbéèrè, ṣùgbọ́n mo rò pé bí ó bá mọ bí èyí tó jẹ́ òótọ́ ṣe rí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé ó ń fi ọwọ́ méjèèjì yí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A rò pé àgádágodo ló dípẹtà, a bu epo ẹ̀ńjìnnì sí i, a tilẹ̀ ra tuntun, ọwọ́ méjèèjì náà ló fi ń ṣí tuntun. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, òkèlè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń lọ sí ibùdókọ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ti rin ìgbésẹ̀ bíi márùn-ún lọ kó tó wẹ̀yìn, nítorí ẹsẹ̀ náà ti ń wọ́lẹ̀, kò sì mọ̀. Ẹran àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là jẹ wọlé bí ibi tí wọ́n ti fi ṣíbí bu àmàlà. Ẹran apá rẹ̀ ń fò lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo rí i, mo sì fi hàn án. Òun ní òun kò tilẹ̀ mọ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa fífò rí, kọ́kọ́rọ́ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá.

Oṣù méje gbáko ni a fi gbé e kiri ilé àwọn tó ní àwọn lè wò ó kí a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí a bá tilẹ̀ tètè lọ, ì bá ṣì kú, èyí dá mi lójú, ṣùgbọ́n a kì bá ti ta ilẹ̀ rẹ̀.

* * *

Olùbéèrè, Àpáta

Ẹ kú àrafẹ́rakù, ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mo ti ṣí àgádágodo ilé wa tó ìgbà ogún láti ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, ọwọ́ kan ni mo sì fi ń ṣí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin Olùkọ́ sọ pé ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá 50 ọdún. Ọmọ ọdún mélòó ni Stephen Hawking, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì tó ní ALS, nígbà tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Ọmọ ọdún 21 ni. Láràárọ̀ ni mo ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dìde nígbà 60 láti dán agbára ẹsẹ̀ wò, kì í sì í pẹ́ tó fi ń gbọ̀n, tí fífò náà á sì tún pọ̀ sí i. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àìlágbára? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyókù pẹ̀lú: ní alẹ́ iṣẹ́, mo máa ń mu ohun mímu afúnnilókun alágolo méjì, mo sì máa ń jẹ obì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ojú mi lè là. Mo tún ń fọ́n ọtapiapia sí yàrá nítorí ẹ̀fọn.

* * *

Apoògùn, Ring Road

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí kí ẹ tó sọ èyí? Agolo 250 ml ohun mímu wọ̀nyẹn máa ń ní nǹkan bíi 80 mg kaféènì nínú, obì náà sì ní tirẹ̀, òru ni ẹ sì ń kó gbogbo rẹ̀ wọlé, ní wákàtí tó yẹ kí ara máa sùn. Kaféènì àti àìsùn nìkan tó láti mú ẹran ara fò, kí a tó wá fi ìbẹ̀rù kún un.

Ti ọtapiapia ni mo fẹ́ dúró lé. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò lọ́jà ló ní dichlorvos nínú. Nígbà tí iṣan bá ránṣẹ́ sí ẹran ara, ohun kan wà tó máa ń nu iṣẹ́ náà nù lẹ́yìn tí ẹran bá ti gbọ́ ọ. Dichlorvos ń dí ohun yẹn lọ́wọ́, iṣẹ́ náà kò ní nù, ẹran á máa gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́, á sì máa fò. Ẹni tó bá fà á símú púpọ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀, àyà á há, ọmọlójú á sún kì. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. N kò sọ pé òun ló ń ṣe yín, nítorí ẹ kò sọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n yàrá tí ènìyàn ń sùn sí kọ́ ni wọ́n ń fọ́n ọn sí. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, láti 100 ml sísàlẹ̀, síbẹ̀ ẹ lè rí i lórí àtẹ ní Dùgbẹ̀ bí ẹ bá wá a.

Ẹni tó bá tún ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń yàgbẹ́ léraléra, pọtásíọ́mù àti màgínísíọ́mù ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, ìyẹn náà máa ń fa pajápajá àti kí ẹran máa fò. Oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sẹ́nu lè mú ọwọ́ gbọ̀n. Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, ẹ kó wọn sínú lailọ́ọ̀nù, ẹ gbé e dání lọ sọ́dọ̀ dókítà.

* * *

Olùkọ́ Àgbà, Bódìjà

Ti Hawking: òótọ́ ni, ọdún 1963 ni wọ́n sọ fún un, ó sì gbé e títí di ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ni pé ó ń ṣubú, ó ń kọsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gún mọ́. Fífò kọ́ ló kà sílẹ̀.

Àbúrò, ẹni tó bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dìde nígbà 60 láràárọ̀, tí kò sùn lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbọ̀n. Ìwọ lo ń dá ẹsẹ̀ lágara tí o sì tún ń fi àárẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí lòdì sí i. Ẹran tó rẹ̀ ni ó sì máa ń fò jù. Ọ̀tọ̀ ni àárẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àìlágbára: ẹni tó rẹ̀ ṣì lè ṣe é bí ó bá sinmi, ẹni tí ẹran rẹ̀ ti rọ kò ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ti wù kó sinmi tó. Ní ti téèpù, mo wọn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjèèjì lánàá nítorí rẹ. Ẹsẹ̀ àkọ́bí kò dọ́gba, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ju tìrẹ lọ. Bí mo bá sì gbé téèpù sókè ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, iye náà á yí padà. Dá téèpù náà padà fún ẹni tó ń fi í jẹun.

Ẹ̀kọ́ tí mo san owó fún jù lọ nìyí. Ní ọdún 2014 yẹn, ilé àyẹ̀wò kan tí n kò ní dárúkọ ta oríṣiríṣi àyẹ̀wò fún mi ní àpapọ̀, títí kan àwòrán ọpọlọ, láìsí pé dókítà kankan fi ọwọ́ kan ara mi rí. Wọ́n fún mi ní fọ́tò ńlá nínú àpò ìwé, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọkàn mi fi balẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fò, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí dókítà kan fi òòlù onírọ́bà kan orúnkún mi, tó ní kí n fi ẹsẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀, kí n yọ ahọ́n jáde, tó sì ṣàlàyé ohun tó ń wá fún mi, ni mo tó sùn.

* * *

Ará Ṣáńgò

Ṣé kì í ṣe gàrí ni? Mo gbọ́ pé àwọn dókítà UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ti sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́ pé ẹ̀gẹ́ ń ba iṣan jẹ́.

* * *

Olùkọ́ Àgbà, Bódìjà

Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn mìíràn ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ti UCH ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1968: àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, tí májèlé inú rẹ̀ kò sì kúrò tán, ni ẹsẹ̀ wọn máa ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di. Ìyẹn kò jọ ohun tí ọmọ yìí ń sọ. Gàrí tí wọ́n bá rẹ dáadáa kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n tó yan án, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kan náà ló kọ̀wé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1974 nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà 92 tó ní àrùn tí ALS jẹ́ ẹ̀yà rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ní àrùn òyìnbó ni, kò mú ènìyàn dúdú, irọ́ ló ń pa.

* * *

Nọ́ọ̀sì, Ìdí-Arẹ́rẹ̀

Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹ má bínú, n óò ta kò yín ní ibì kan. Bí ẹ ṣe kọ ọ́, ó dà bí ẹni pé fífò kì í ṣáájú àìlágbára láé. Ó máa ń ṣáájú lára àwọn díẹ̀, wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí ènìyàn padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò tilẹ̀ rí nǹkan kan nígbà àkọ́kọ́.

Ní ti ọ̀nà tí ẹ óò gbà, ẹ̀yin olùbéèrè, ẹ má lọ dá EMG ra. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi sínú ẹran láti mọ bí iná ara ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó gún nìkan ló sì lè rí ohun gidi kà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá súnmọ́ yín. Wọn yóò yẹ̀ yín wò, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ láti wo pọtásíọ́mù, kálísíọ́mù, màgínísíọ́mù, ṣúgà, àti iṣẹ́ ẹṣẹ́ ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń wú. Bí nǹkan kan bá rú wọn lójú, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn iṣan àti ọpọlọ ní UCH, òun ni yóò sì sọ bóyá EMG yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń wọ́lẹ̀, bí ọwọ́ bá ń já nǹkan sílẹ̀, bí ohùn bá ń lọ́, bí oúnjẹ bá ń há lọ́nà ọ̀fun, tàbí tí ẹran ibì kan ń joro, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni níbí, ẹ lọ ní ọjọ́ náà.

* * *

Olùkọ́ Àgbà, Bódìjà

Mo gbà, Nọ́ọ̀sì. Mo sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi náà padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo kàn gbàgbé láti kọ ọ́ ni.

* * *

Olùbéèrè, Àpáta

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo sì jẹ yín ní gbèsè àbọ̀. Mo lọ. Láti aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ ni mo ti tò, ó di aago kan kó tó kàn mí. Dókítà obìnrin kan, bóyá ni kò kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ní kí n bọ́ ṣòkòtò, kí n dùbúlẹ̀, kí n má mira. Ó wo ẹsẹ̀ náà bíi ìṣẹ́jú méjì láìsọ̀rọ̀, ó ń fò, ó sì rí i. Ó ní kí n fi gìgísẹ̀ rìn, kí n fi ọmọ ìka rìn, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ẹsẹ̀ mi, kò rí i fà. Ó fi òòlù kan orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́, ó wo ahọ́n mi, ó ní kí n fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pọtásíọ́mù mi lọ sílẹ̀ díẹ̀, ìyókù dára. Ó bi mí léèrè àgbo, mo sì jẹ́wọ́ fún un, nítorí èmi ni Apoògùn ń bá wí nígbà tó dárúkọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láìmọ̀. Ó ní kí n padà wá ní oṣù mẹ́ta, kò sì kọ EMG fún mi.

Ó ṣì ń fò. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ìpéǹpéjú òsì ń fò, ti òkè ni, Màmá, nítorí náà mò ń retí àlejò. Téèpù ti padà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

* * *

Olùkọ́ Àgbà, Bódìjà

O ṣeun tí o padà wá. Obì ńkọ́?

* * *

Olùbéèrè, Àpáta

Ó ku ẹyọ kan lálẹ́, sà. Ti alágolo ti tán.